Bí Ẹ Ṣe Lè Lu Ihò Páìpù Ínǹṣì 4 Já Ògiri Búlọ́ọ̀kù Láì Dá Ògiri Lóró

Ẹ yí ẹ̀yìn ilé ká ní Kubwa, Lugbe tàbí Nyanya nílùú Abuja, kí ẹ wo ibi tí páìpù tọ́ìlẹ́ẹ̀tì ti yọ lára ògiri. Páìpù ò ju ínǹṣì 4 lọ, àmọ́ ihò tí wọ́n dá fún un, orí ọmọdé lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n á ki àpò sìmẹ́ǹtì bọ àlàfo tó kù, wọ́n á lẹ sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ ọn lóde, ó parí. Tí òjò oṣù kẹjọ bá dé, ògiri inú á bẹ̀rẹ̀ sí í rin, ọ̀dà á máa ṣí, aáyán àti eku á ti sọ ibẹ̀ di ọ̀nà. Ti ẹlòmíì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ihò ga ju ẹnu tọ́ìlẹ́ẹ̀tì lọ, tàbí kó dagun wọlé dípò kó dagun síta, kí omi ìdọ̀tí máa padà bá onílé nínú bálùwẹ̀.

Òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, láì tíì wọn ohunkóhun. Ní tèmi o, ìwọ̀n ló yẹ kó jẹ àkókò jù nínú iṣẹ́ yìí. Tí àmì ojú méjèèjì ògiri bá ti bára mu, ẹ̀rọ á ṣe ìyókù.

Páìpù ìgbẹ́ ínǹṣì 4 ni mo ń bá lọ níbí, èyí tí ìbú rẹ̀ láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn jẹ́ mìlímítà 110, àti ògiri búlọ́ọ̀kù oníhò ínǹṣì 9 tí wọ́n ti rẹ́ nínú àti lóde. Tí ti yín bá jẹ́ ínǹṣì 6, ìlànà kan náà ni, ó kàn máa tètè já ni. Ògiri amọ̀ ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹni tó bá ní ilé àtijọ́ ní Zaria tàbí Kano tí wọ́n fi tubali, ìyẹn búlọ́ọ̀kù amọ̀, mọ, kó wá àgbà mọlémọlé tó mọ irú ilé bẹ́ẹ̀, torí ìgbọ̀nrìrì ẹ̀rọ lè mú un ya. Bí ẹ bá sì jẹ́ ayálégbé, ẹ gba àṣẹ láńlọ́ọ̀dù ní kíkọ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Dírìlì oníná tó tó wọ́ọ̀tì 1,500 sókè, tó ní kílọ́ọ̀ṣì, tí ẹ sì lè pa hámà rẹ̀ kó máa yí lásán. Kílọ́ọ̀ṣì ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ yọ̀ tí bíìtì bá há. Èyí tí kò ní i lè ṣẹ́ ọrùn ọwọ́ ẹni. Ẹ háyà rẹ̀. Kò sídìí láti ra odindi ẹ̀rọ nítorí ihò kan.
- Core bit mìlímítà 127, ìyẹn ínǹṣì 5, irú èyí tí wọ́n ń lò láìsí omi. Irin róbótó tó ṣófo nínú bí agolo mílíìkì ni, dáyámọ́ǹdì ló wà ní ẹnu rẹ̀. Ẹ má ra èyí tó bá páìpù mu wẹ́kú, torí páìpù nílò àyè díẹ̀ láti dagun.
- Irin atọ́nà tó máa ń wà láàárín core bit, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń yọ ọ́.
- Bíìtì gígùn, mìlímítà 12 ní ìbú, tó gùn tó mìlímítà 400 ó kéré tán. Ní ọjà ohun ìkọ́lé Dei-Dei, ẹ sọ fún wọn pé SDS lẹ fẹ́, ìyẹn irú tí ìdí rẹ̀ ń wọ ẹnu dírìlì oníhámà.
- Tépù, pẹ́ńsùlù, lẹ́fẹ́ẹ̀lì, àti ọ́ọ̀sì funfun gaara tí bíríkìlà máa ń bu omi sí láti fi mú ìpele.
- Awò tó bo ojú dáadáa, ohun ìdí-etí, bàtà tó le, àti ìbòmú N95 tàbí èyí tó jù ú lọ.
- Ègé páìpù ínǹṣì 4 kan tó gùn ju ògiri lọ, fún àyẹ̀wò.
- Táápólì, búkẹ́ẹ̀tì omi, fóòmù àtijọ́ tí ẹ máa kúnlẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ ìbòmú yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣeré. Eruku ọyẹ́ ti mọ́ wa lára débi pé áńkáṣíìfù la máa ń so mọ́ imú, a ó ní ó tó. Eruku inú búlọ́ọ̀kù yàtọ̀. Yanrìn tó kúnná gan-an ni, silica ni wọ́n ń pè é. Tó bá dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló máa wà. Àìsàn silicosis tó ń fà kò ní ìwòsàn, áńkáṣíìfù ò sì lè dá a dúró. Ìbọ̀wọ́ aláṣọ tó tú, ẹ̀wù tó ní apá gbàgẹ̀rẹ̀, ìborùn, ẹ bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó ń yí lè ká wọn mọ́ra.

Iná náà ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní I better pass my neighbour ò lè gbé dírìlì yìí. Ẹ wá èyí tó tó KVA 3.5, tàbí kí ẹ dúró de NEPA. Ẹ tú wáyà ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n tán pátápátá kúrò lára róòlù rẹ̀, torí wáyà tó wà ní kíká máa ń gbóná tí ẹ̀rọ ńlá bá ń fà á.

Ìpele 1: Ẹ sàmì sí ojú ògiri méjèèjì

Ẹ gbé tọ́ìlẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà gan-an kalẹ̀, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀. Tó bá kọjú sí ilẹ̀, ihò ògiri kọ́ lẹ nílò. Tó bá kọjú sẹ́yìn, ẹ wọn láti ilẹ̀ dé àárín gbùngbùn ẹnu náà. Èyí tó pọ̀ jù máa ń wà ní nǹkan bíi mìlímítà 180, àmọ́ ẹ má fi ti ẹlòmíì ṣe ti yín. Ẹ wọn tiyín.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n wọn láti orí ilẹ̀ tí wọn ò tíì tẹ́ táìsì sí. Tí táìsì pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ bá gbé ilẹ̀ sókè ní mìlímítà 40, tọ́ìlẹ́ẹ̀tì náà á gòkè ní 40, ihò á sì dúró síbi tó wà. Ẹ fi ìnípọn táìsì àti sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kún un kí ẹ tó sàmì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tó wà nínú ògiri. Ẹ fi ìdí òòlù kékeré kàn án jẹ́jẹ́. Búlọ́ọ̀kù oníhò máa ń dún gbọ̀ngbọ̀n. Pílà àti bíìmù kì í dún bẹ́ẹ̀, ohùn wọn ò ní ṣófo. Ẹ má lu pílà, ẹ má lu bíìmù, ẹ má lu líńtẹ̀lì orí wíńdò tàbí ilẹ̀kùn, ẹ má sì kan kọnkéré German floor nísàlẹ̀. Irin sábà máa ń wà nínú wọn, àwọn ló sì gbé ilé dúró. Ẹ fi tó ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ láàárín ihò àti igun ilé tàbí etí wíńdò. Tí sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí súíìṣì bá wà lára ògiri náà, ẹ kà á sí pé páìpù wáyà rẹ̀ gòkè lọ tààrà tàbí sọ̀kalẹ̀ lọ tààrà, kí ẹ sì yà fún ọ̀nà méjèèjì. Páìpù omi tó lọ sí ṣáwà tàbí sínkì náà ń bẹ níbẹ̀, ẹ rántí.

Ó ku bí àmì inú ṣe máa bá ti ìta mu. Ẹ lo wíńdò tó wà lára ògiri kan náà: ẹ wọn láti etí rẹ̀ dé àárín ihò nínú, kí ẹ wọn iye kan náà lóde. Fún gíga, ẹ mú ọ́ọ̀sì olómi gba wíńdò jáde. Ẹ rí i pé afẹ́fẹ́ ò há sínú ọ́ọ̀sì. Ibi tí omi bá dúró sí nínú ni yóò dúró sí lóde. Àìsàmì lóde ló ń mú kí àwọn kan lu ihò jáde sórí pílà tí wọn ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ìdagun ló kàn. Páìpù ìgbẹ́ ínǹṣì 4 fẹ́ kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní mìlímítà 25 nínú mítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 1 nínú 40. Ògiri ínǹṣì 9 tí wọ́n rẹ́ lójú méjèèjì máa ń nípọn tó mìlímítà 265, nítorí náà àmì ìta gbọ́dọ̀ fi mìlímítà 6 sí 7 relẹ̀ ju ti inú lọ. Ẹ wo iwájú náà: tí chamber, ìyẹn kòtò ìta tí páìpù ìgbẹ́ ń já sí, bá jìnnà tó mítà 4 sí ògiri, páìpù á ti sọ̀kalẹ̀ ní mìlímítà 100 kó tó débẹ̀. Tí ẹnu chamber bá ga ju ibẹ̀ lọ, chamber lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fa róbótó mìlímítà 127 yí àmì kọ̀ọ̀kan ká. Ẹ gbé ègé páìpù lé ti inú, kí ẹ sún tọ́ìlẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Ṣé ẹnu wọn kojú ara wọn? Ó yá.

Ìpele 2: Ẹ pa iná ògiri náà

Ẹ pa bírékà tó ń gbé iná lọ sí ògiri yẹn, kí ẹ sì fi tẹ́sítà dán sọ́kẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ ọn wò. Nílùú Abuja tí inverter àti solar ti pọ̀ yìí, gbólóhùn tó léwu jù ni “NEPA ti mú iná lọ.” Iná lè ti lọ lójú pópó kí wáyà inú ògiri yín ṣì gbóná janjan, torí bátìrì ló ń gbé e. Ẹ pa inverter fúnra rẹ̀. Dírìlì á wá gba iná láti yàrá mìíràn tí bírékà rẹ̀ yàtọ̀, tàbí láti jẹnẹrétọ̀ tó wà níta gbangba, jìnnà sí wíńdò.

Ẹ tẹ́ táápólì, ẹ ṣí wíńdò, ẹ ti ilẹ̀kùn tó lọ sí pálọ̀.

*Àyẹ̀wò:* Tẹ́sítà ò tàn, inverter ò dún.

Ìpele 3: Ihò atọ́nà

Ẹ fi ẹnìkan sóde kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó má dúró kojú àmì, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ jọ fẹnu kò lórí ohun tó máa ké tí nǹkan bá yíwọ́. Tó bá jẹ́ ọmọ Hausa lẹ gbà ṣe lébìrà, “tsaya” ni kó ké, kí ẹ̀yin náà sì dúró lójú ẹsẹ̀.

Ẹ fi bíìtì gígùn bẹ̀rẹ̀ láti inú. Tí táìsì bá wà lójú ògiri, ẹ lẹ tépù bébà mọ́ àmì kí bíìtì má yọ̀, ẹ pa hámà, kí ẹ rọra yí i títí ó fi já táìsì. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó tan hámà. Táìsì tí wọ́n fi hámà kan ní àkọ́kàn, ó máa là ni.

Ẹ gbé ìdí ẹ̀rọ sókè díẹ̀ kí ẹnu bíìtì rẹlẹ̀ síhà ìta. Ẹ má fi ara tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa fà á jáde lóòrèkóòrè kí eruku lè dà sílẹ̀. Láàárín ògiri, bíìtì máa já lójijì sínú ihò búlọ́ọ̀kù, ara yín á sì fẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ẹ ò ní ṣubú. Tó bá kan ojú kejì búlọ́ọ̀kù, ẹ pa hámà tí ó bá kù díẹ̀ kó yọ síta, kó má baà já pílásítà ìta lulẹ̀.

Ẹ máa wo eruku tó ń jáde. Ti búlọ́ọ̀kù máa ń dà bí yanrìn, ó sì máa ń yára jáde. Tó bá di eérú tó kúnná, tí bíìtì ò rìn mọ́, kọnkéré nìyẹn. Tí iná bá ń ta, tí irin wẹ́wẹ́ tó ń dán sì wà nínú eruku, ẹ ti bá irin rọ́ọ̀dù pàdé. Ẹ dúró. Ẹ má gé e. Ẹ wá ibòmíràn.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ lọ síta, kí ẹ wo ibi tí bíìtì yọ sí. Tó bá wà lórí àmì tàbí tó yàtọ̀ ní mìlímítà 3, ó ti dára. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi ègé igi há ihò náà pinpin kó má baà fa bíìtì mọ́ra, kí ẹ lu òmíràn. Èyí tí ẹ ṣì lù máa bá ègé tí core bit gé jáde, kò ní hàn.

Ìpele 4: Core bit

Ẹ pa hámà. Mo tún un sọ: ẹ pa hámà. Ìlù hámà máa ń já dáyámọ́ǹdì kúrò lẹ́nu core bit, owó yín ló lọ yẹn.

Ihò tọ́ìlẹ́ẹ̀tì máa ń wà nísàlẹ̀ ògiri, ẹ máa kúnlẹ̀ ni. Ẹ yí ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ sókè kó má baà gbá ilẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ẹ ki irin atọ́nà bọ ihò tí ẹ ti lù, ẹ tan ẹ̀rọ kí core bit tó kan ògiri, kí ẹ wá rọra fi kàn án. Ẹ̀gbẹ́ kan lè kọ́kọ́ jẹ. Ẹ tún ẹ̀rọ ṣe títí ẹnu rẹ̀ yíká á fi máa jẹ pa pọ̀. Tó bá ti wọlé tó mìlímítà 15, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ irin atọ́nà, kí ẹ máa bá a lọ láìsí i. Irin tí wọ́n fi sílẹ̀ máa ń há sínú ègé tí wọ́n gé.

Ẹ jẹ́ kí bíìtì gé e fúnra rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù wa ò le, agbára ò nílò. Ẹ máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀ kí ìyẹ̀fun tú. Ibi tó ti máa ń dáni lágara ni ìgbà tó bá dé ihò inú búlọ́ọ̀kù: apá kan core bit wà nínú afẹ́fẹ́, apá kejì ń jẹ ìdábùú búlọ́ọ̀kù, ègé tó ṣẹ́ á sì wọ àárín há a. Kílọ́ọ̀ṣì á dún tàràrà. Ẹ ju ọwọ́ sílẹ̀ lórí súíìṣì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ yọ wáyà lára iná, kí ẹ fi sípánà yí core bit padà sẹ́yìn. Àwọn tó ń tẹ súíìṣì mọ́lẹ̀ láti fi tipátipá tú u ló ń mú kí kílọ́ọ̀ṣì jóná.

Ègé tó há sínú core bit, ẹ ti screwdriver gba ojú ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti tì í jáde, tàbí kí ẹ fi igi gbá a. Ẹ má fi òòlù irin lù ú. Tó bá ti tẹ̀, kò ní yí dáadáa mọ́.

Tí ẹ bá ti gé ojú inú já sínú ihò búlọ́ọ̀kù, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má gé e láti inú já síta. Core bit tó ń jáde máa ń ti pílásítà ìta ṣubú bí ó ti fẹ̀ tó, ìyẹn ló ń mú kí ògiri ìta ṣí pẹlẹbẹ. Ẹ dá irin atọ́nà padà, ẹ bọ́ síta, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ihò atọ́nà tó yọ síbẹ̀. Ihò méjèèjì á pàdé láàárín.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ki ègé páìpù bọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ kọjá kó sì máa yí láìsí pé ẹ ń fipá mú un. Ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé e lórí: afẹ́fẹ́ kékeré inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún síhà inú ilé. Tó bá sún síta, omi máa padà wọlé nìyẹn. Ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì ha ìsàlẹ̀ ihò lóde àti òkè rẹ̀ nínú.

Ẹ má gbá eruku náà ní gbígbẹ. Ẹ wọ́n omi sí i kí ẹ tó kó o.

Tí core bit ò bá sí

Bíìtì mìlímítà 12 yẹn nìkan náà lè ṣe é, ó kàn máa ń gba sùúrù. Lẹ́yìn ihò atọ́nà, ẹ lu ihò kéékèèké yí róbótó náà ká, bíi 25, kí ẹ̀gbẹ́ wọn sún mọ́ra. Ẹ lu ti inú dé ihò búlọ́ọ̀kù nìkan, kí ẹ lu ti ìta láti òde. Ẹ wá fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ ẹ láti àárín lọ sí etí, òòlù kékeré ni o. Ẹni tó bá ti fi òòlù ńlá gbá etí, odindi búlọ́ọ̀kù ló máa mì, kò sì ní pẹ́ tí á fi bá a jáde. Tí táìsì bá wà níbẹ̀, mi ò ní gbà yín níyànjú láti ṣe é báyìí. Ẹ wá core bit.

Ìpele 5: Ẹ gbé páìpù sí i, kí ẹ dí i

Odindi páìpù kan ni kó gba inú ògiri kọjá. Ẹ má jẹ́ kí oríkèé kankan wà láàárín ògiri, torí tó bá ń jò lọ́jọ́ kan, ògiri lẹ máa fọ́ kí ẹ tó rí i. Ẹ jẹ́ kó yọ síta tó mìlímítà 150 kí pulọ́mbà lè rí ibi di mú.

Ẹ fi fóòmù pẹlẹbẹ, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n, wé ibi tó wà nínú ògiri ní ẹ̀ẹ̀kan. Páìpù PVC mítà 3 tí oòrùn Abuja bá fi ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 20 mú gbóná sí i máa gùn sí i ní nǹkan bíi mìlímítà 4. Tí sìmẹ́ǹtì bá ti gbá a mú ṣinṣin, yálà sìmẹ́ǹtì á là tàbí oríkèé tó wà níwájú á tú.

Ẹ fi omi rin etí ihò. Ẹ fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù di ihò inú búlọ́ọ̀kù lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí sìmẹ́ǹtì má kàn máa jábọ́ sínú rẹ̀. Ẹ po sìmẹ́ǹtì 1 mọ́ yanrìn 4, kó ki, kí ẹ kì í bọ̀ ọ́ láti ojú méjèèjì. Lóde, ẹ fi àlàfo mìlímítà 10 sílẹ̀ yí páìpù ká fún sílíkọ́ọ̀nù, èyí tí ẹ máa fi sí i tí sìmẹ́ǹtì bá ti gbẹ. Nígbà ọyẹ́, sìmẹ́ǹtì máa ń gbẹ kó tó le. Ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ẹ fi nǹkan dí ẹnu páìpù méjèèjì lóru. Eku ò ní dúró de pulọ́mbà, àwọn ọmọ kéékèèké ò sì ní í ṣaláì sọ òkúta sínú rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ da búkẹ́ẹ̀tì omi kan gba inú páìpù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde lóde, kí ohunkóhun má ṣẹ́ kù sínú. Tí sílíkọ́ọ̀nù bá ti gbẹ tán, ẹ fa ọ́ọ̀sì omi síta, kí ẹ wọ́n ọn sí ògiri yí páìpù ká fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹnìkan wà nínú ilé kó fọwọ́ pa ìdí páìpù. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá tutù, ẹ fi ọ̀bẹ ha sílíkọ́ọ̀nù náà kúrò, ẹ nu eruku ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún un lẹ̀ kí táìsì ìdí tọ́ìlẹ́ẹ̀tì tó wọlé.